Àpótí Pupa

Ẹ yé kí mi pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe nítorí àánú ni mo ṣe pè yín jọ sí yàrá yìí. Òótọ́ kan ni mo jókòó lé láti ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, dókítà sì ti ní ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀. Màá sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó jáde.

Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbígbẹ̀yìn wa, ibi tí iná ti jó o. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè é ní Ọlọ́wọ́-Iná, ìdí nìyẹn tí àbígbẹ̀yìn kì í fi í dáhùn ìkíni rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni. Ẹ máa wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ó tọ́ sí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ọmọ ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi ọkùnrin yìí, ìkókó ni àbígbẹ̀yìn. Aránṣọ ni ìyá wa, tábìlì tó fi ń lọ aṣọ sì ga, nítorí ìdúró ló máa ń ṣiṣẹ́ náà. Ó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ní ojúlé kejì, ó ní kí n má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀. Mo gbé e, mo fẹ́ fi lọ àjákù aṣọ kan. Ó wúwo, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ba ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ níbi tó sùn sí lórí ẹní. Ọkùnrin yìí wà ní igun yàrá, ó ń lá ṣọ́ọ̀kì tí ìyá wa fi ń sàmì sí aṣọ. Bí mo ṣe gbúròó ẹsẹ̀ ìyá wa, mo wọ́ ọ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù, mo ní, “Òun ni.” Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka tí kò ṣẹ̀ ni mo fà lé ìyá wa lọ́wọ́.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń ké pé, “Èmi kọ́.” Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Bí mo bá ti ń bomi sí i lórí, màá ní, “Ṣó o rántí bó o ṣe fà á lulẹ̀? Ṣó o rántí bó ṣe ń rùn?” Bí oníbàárà bá sì béèrè ohun tó ṣe ojú ọmọ, ìyá wa á ní, “Sọ ohun tó o ṣe fún wọn.” Kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó ti mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó rántí láyé nìyẹn, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi kó o sí i lórí.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ọmọdé ni mí nígbà náà, ẹ lè tìtorí ẹ̀ gbè mí. Ẹ má gbè mí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti di káfíńtà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo wọn tábìlì yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò lè nawọ́ kan nǹkan tó wà lórí ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni?” Ìyá wa ti kú, kò sí ẹni tó lè nà mí mọ́. Mo ní, “Orí àpótí pupa lo gùn.” Ọdún tó wọ iléèwé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àpótí yẹn fún un, kó lè ríbi jókòó kọ iṣẹ́ àmúrelé. Ó wá mi orí. “Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rántí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń mì.” Ojú mi ló ṣe rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, mo sì ń bá ìránṣọ mi lọ. Ọmọ mẹ́ta ló bí, kò gbé ọ̀kankan rí.

Mo ti sọ ọ́ tán. Àbúrò mi, sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò ló ń dà yín lọ́kàn rú. Mo rántí àpótí yẹn.”

Ẹ gbọ́ bí? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá tèmi lónìí, irọ́ ló lé e padà. Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, ẹ ṣọ́ra: ọmọ tí ẹ bá parọ́ mọ́ lè dàgbà tán kó máa bá yín jẹ́rìí irọ́ náà. N kò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ni mo fẹ́. Ẹ gbé ọmọ-ọmọ àbúrò mi tó wà níbẹ̀ yẹn lé e lọ́wọ́, kí n fojú rí i. Gbà á, àbúrò mi. Kí lo wá ń kó ọwọ́ sẹ́yìn sí?