Àlàásárì Bá Wa Létí Omi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n ò dárúkọ ara mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún bí ọdún kan. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àdúrà ọdún kan ìyá ìyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi sì ti búra pé òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Èmi ni mo fà á. Kò sì mọ̀.

Ajangbadi là ń gbé, fíríìjì ni mo ń tún ṣe. Ìyá ìyàwó mi ń gbé nínú Ọ̀jọ́, lẹ́yìn bárékè àwọn sójà. Ọ̀sán Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Bọ̀dá Wàsíù, pè mí. Wọ́n ní, "Àna wa, ara Màmá ò yá o. Ẹ tètè gbé ìyàwó yín wá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Àlàásárì bá yín lójú ọ̀nà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń túfọ̀. A kì í la òkú mọ́ èèyàn lórí fóònù. Mo mọ̀ pé Màmá ti lọ. Mo mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, pé tí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán, wọ́n á kírun sí Màmá lára, wọ́n á sì sin wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, n ò lè parọ́ pé kò yé mi.

Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, èmi ni mo sọ fún un, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja, ọsibítù la gbé e dé. Nítorí náà, mo parọ́. Mo ní Màmá se èkuru, wọ́n ní ká wá jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó kun àtíkè.

Nígbà tí a dé Okokomaiko, àwọn tó ń ṣe títì márosẹ̀ ti gbé katapílà dábùú ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: wọn ò dí i pa. Apá kan ṣí, àwọn mọ́tò ń rọra kọjá. Ká ní mo ní sùúrù ni, à bá ti dé kí ìrun tó tó. Àmọ́ mo ní, "Wọ́n ti dí ọ̀nà o," mo sì yà sí apá ọ̀sà. Mo pa fóònù mi.

Ọ̀nà yẹn jìn, ó rí págunpàgun, ṣùgbọ́n ó dùn ún wò. Omi lọ salalu, igi àgbọn wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn apẹja ń sá àwọ̀n. Èrò mi ni pé tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i lára díẹ̀, màá rọra sọ fún un. Bí mo bá ti fẹ́ lanu báyìí, á ti nawọ́ síta: "Dádì Àíṣá, ẹ wo ọkọ̀ ojú omi yẹn!" Ẹnu mi á tún pa dé. Ó ní kí n dúró. Ó ya fọ́tò. Ó ra àgbọn tútù méjì fún Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn, èmi náà, kí Ọlọ́run foríjì mí, mo ń bá a rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pèrun ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jẹ́ ká kírun ká tó máa lọ." Yéè! Àlàásárì ni o. Mo ṣe àlùwàlá, mo bọ́ sí sàfù. Bó ṣe ń forí kanlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn wa, wọ́n ń palẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ́ ní Ọ̀jọ́, n ò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a dé, àwọn èèyàn ti ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àgbọn wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní, "Màmá ńkọ́?" Ìgbà yẹn ló rí yẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà ṣì wà létí mi.

Mo sọ fún un pé èmi náà ò mọ̀ pé Màmá ti kú, pé èkuru ni ẹni tó pè mí dárúkọ. Mo sọ fún Bọ̀dá Wàsíù pé àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ló dí i pa. Gbogbo ẹbí ṣépè fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà. Mo ṣe àmín.

Ìyàwó mi wá dojú kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ ò lè dúró dè mí fún wákàtí kan péré!" Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè wọn mọ́. Àwọn méjì péré sì ni Màmá bí. Àwọn àfáà ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé èmi nìkan ló kù fún òun, pé èmi ni mo wa mọ́tò gba ọ̀nà págunpàgun kí òun lè rí ìyá òun.

Mo mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ìyàwó mi á gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù. Á rántí pé òun ń rẹ́rìn-ín, tí mo sì ń wo òun. Ṣé ó tún lè bá mi gbé? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe é láti ṣe ìyàwó mi níbi. Ojo ló ṣe mí.

Lánàá, Bọ̀dá Wàsíù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti rù. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo yára dì wọ́n mú. Wọ́n ní, "Àna wa, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ sọ fún un pé mo jẹ̀bi." Mo sì ti gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọ̀sẹ̀ méjì yìí tó pé. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀?