Èmi Ni Mo Tú Bẹ́líìtì Mọ́tò Sabina

Èmi Àlímì, mẹkáníìkì tó wà lọ́nà Fọlá Agoro ní Ṣómólú, mo fẹ́ sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún dí mi lẹ́nu. Kì í ṣe Japhet ló ba mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀.

Sabina, ìyá Fọlọ́runṣọ́, opó tó ń ta ẹja yíyan létí ọ̀sà Bàrígà, ló ni mọ́tò náà. Japhet, àbúrò rẹ̀, ló ń wà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá, omi inú rédíétọ̀ ń hó bí ẹ̀kọ́ orí iná. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fáànù dúró gbagidi. Sabina yọjú wò ó, ó ní, "Ọ̀gá Àlímì, kí ló dé tí kò fẹ́ mọ́?" Mo ní, "Ó fẹ́ o, Ìyá Fọlọ́runṣọ́. Kò lè sọ ọ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara mọ́tò mú. Japhet ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí ṣiṣẹ́ jàre!" Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, obìnrin kankan kò rẹ́rìn-ín báyẹn nítorí mi.

Bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí fáànù ló já. Mo fi tuntun sí i, wọ́n lọ. Gbogbo ibẹ̀ wá ṣófo lójú mi. Òórùn ẹja wà lára àkísà tí mo fi ń nu ọwọ́, n kò jẹ́ fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá yí ọ́ìlì, mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó mú bẹ́líìtì le, díẹ̀ báyìí, kí bẹ́líìtì lè máa yọ̀, kí fáànù má yí dáadáa. Mo mọ̀ pé omi á tún hó, wọn á sì padà. Wọ́n padà. Mo tún un ṣe, mo tún tú u. Kí ni kí n pe ara mi? Sabina á jókòó sórí táyà, á máa sọ̀rọ̀ ìlú wọn tó wà létí òkun fún mi, èmi á máa pẹ́ nídìí iṣẹ́ tí kò pẹ́.

Lọ́jọ́ burúkú yẹn, omi hó ní Onípanu. Japhet fi aṣọ ṣí ìdérí rédíétọ̀, omi gbígbóná tú lù ú lọ́rùn àti lápá. Nígbà tí wọ́n ti mọ́tò dé ọ̀dọ̀ mi, Sabina ń sunkún, ó sì ń pariwo mọ́ ọn: "Ọ̀lẹ! O ò bomi sí i!" Japhet ní, "Mo bomi sí i, ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run gbọ́. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo wolẹ̀. Mo ní, "Dírẹ́bà ló yẹ kó máa yẹ omi wò." Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ! Nígbà tí ọgbẹ́ náà san díẹ̀, Sabina gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sílé, sétí òkun.

Níjẹta, Sabina wá. Ó ní bí n kò tilẹ̀ sọ ọ́, òun mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, òun sì ti gbà láti fẹ́ mi, kí n bá òun lọ rí àwọn ará ilé òun. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí! Ṣùgbọ́n Japhet wà nínú àwọn tí yóò kí mi káàbọ̀, pẹ̀lú apá tó bó. Mo bá jẹ́wọ́. Sabina kò pariwo. Ó kàn ní, "Gbogbo ìgbà yẹn, ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?" Ó gbé báàgì rẹ̀. "Japhet ni kí ẹ lọ sọ fún. Ẹ máa dá lọ ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọkàn yín bá fà sí ẹnìkan, ẹ sọ fún un, kó kọ̀ yín bó bá fẹ́ kọ̀. Lọ́la ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì mọ ìwẹ̀. Japhet, mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Dákun, jẹ́ kí n gúnlẹ̀ ná.