Òrùka Imú Tí Hadassah Kò Rí Wọ̀

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Lónìí n ó pọ̀ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ sí mi lójú kó tutọ́. Àǹtí Roseline kò jalè. Èmi Ọmọ́yẹni, tí mo ń ṣe ìyàwó lóge ní Ọ̀fà, èmi ni olè.

Ọ̀rẹ́ mi ni Hadassah láti kékeré. Ó lọ kàwé ní Punjab, nílẹ̀ Íńdíà, ó sì rí ọkọ níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì bíi tiwa. Ọdún yẹn gan-an ni àfẹ́sọ́nà tèmi já mi sílẹ̀. Mo ń bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, nílé bàbá Hadassah ní Ọ̀fà, ó tú ohun ọ̀ṣọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ̀gbà ọwọ́ pupa àti funfun tó kún dé ìgúnpá, wúrà tí wọ́n ń so sí iwájú orí, àti òrùka imú ńlá tó ní ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ irun. Ó ní, "Ọmọ́yẹni, ojú tìẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Èwo ni kí n wọ̀?" Mo ní, "Fi òrùka imú yìí sílẹ̀. Á bo ètè ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. "Òun gan-an ni mi ò lè fi sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tiẹ̀, ìyá tó bí i ló fún un." Ó gbé e sí imú, ó yíjú sí dígí. Ó rẹwà débi pé inú bí mi. Bó ṣe lọ wẹ̀, mo mú un, mo jù ú sí ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mi ò fẹ́ wọ̀ ọ́, mi ò fẹ́ tà á. Mi ò kàn fẹ́ kí òun wọ̀ ọ́ ni.

Wọ́n wá a tì. Àǹtí Roseline, ìyàwó tí Daddy Hadassah fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ló ti wọ yàrá náà láàárọ̀ wá pè é fún omi ìwẹ̀ tí wọ́n gbé kaná fún un. Daddy bi mí pé ta ni mo rí. Mo ní, "Àǹtí nìkan ni, sà." Wọ́n gbé Bíbélì wá. Mo gbọ́wọ́ lé e, mo búra. Àǹtí kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ: "Ọmọ́yẹni, nítorí Ọlọ́run, sọ òótọ́." Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mo sọ, mà." Daddy lé wọn jáde pẹ̀lú Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀kadà ló gbé wọn padà sílé ìyá wọn ní Ìjàgbò. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ojú Hadassah wú fún ẹkún. Èmi náà ni mo fi pọ́dà bò ó.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Àǹtí Roseline. Daddy ò yọjú síbi ìsìnkú. Èmi lọ. Ẹ ò rí ìgbójú? Mo jókòó, mo ń jẹ ìrẹsì wọn. Ayọ̀kúnnúmi wá dúró níwájú mi: "Àǹtí, wọ́n ní ẹ wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni mọ́mì mi jalè?" Mo ní, "Lọ jẹun."

Ìdáhùn yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Hadassah, Daddy, mi ò lẹ́nu láti ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti wọlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ayọ̀ ọ̀rẹ́ yín bá ń ta yín lára, ẹ tètè sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ yín tó ṣe ohun tí ẹnu yín ò ní lè sọ. Mo ń lọ sí Ìjàgbò láàárọ̀ ọ̀la. N ó dá ọmọ náà lóhùn, lójú gbogbo àwọn tó ń pè é lọ́mọ olè.