Àwọn Eku Tí Ìlà Ìrù Wọn Parẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá ti jókòó tì mí rí lójú ìwàásù mọ bí oorun ṣe ń yá mi lára. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi ní yunifásítì: eku funfun ni mò ń yà ní fọ́tò. Ẹ̀rọ wa ń wo inú wọn láì fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. A ó fún eku ní gáàsì tó ń múni sùn, a ó tẹ́ ẹ sínú ihò ẹ̀rọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sì hàn kedere. Kí a lè dá àwọn tó gba oògùn tuntun fún kókó inú ẹ̀dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó gba omi lásán, máákà la fi ń fa ìlà sí ìrù wọn. Àwọn eku a máa lá a, nítorí náà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta la ń tún un fà.

Mo gbàgbé. Nígbà tí Dókítà Ìbídùn, ọ̀gá wa, ní kí n ya àwòrán wọn, gbogbo ìrù ti funfun bí òwú. Mo fojú dá a. Èyí tí kókó ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kéré, mo kọ ọ́ pé ó gba oògùn tuntun. Èyí tí tirẹ̀ tóbi, mo kọ ọ́ pé omi lásán ni wọ́n fún un. Inú Dókítà dùn. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ gbé àwòrán náà lọ bá ìgbìmọ̀ tí yóò fàṣẹ sí i pé kí wọ́n fún èèyàn ní oògùn ọ̀hún.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn àdúrà, mo fara ti àga, oorun gbé mi lọ. Ẹnìkan fi búrọ́ọ̀ṣì gún mi níhà. Màmá Rẹ̀bẹ́kà ni, ìyá tó máa ń fọ àgò eku wa kí Ọlọ́run tó pè é. Aṣọ àlà ló wọ̀.

"Dìde, Fọlá. O sùn lẹ́nu iṣẹ́ láyé, o tún fẹ́ sùn níbí?"

"Màmá, ṣé mo ti kú ni?"

"Bí o bá kú, ṣé èmi ni wọn ó rán sí ọ? Tẹ̀ lé mi."

A dé ibi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí eyín mi ń gbá ara wọn. Ẹ̀rọ wa gan-an ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ, wọ́n ń ti èèyàn sínú rẹ̀, wọ́n ń ti, wọ́n ń ti, inú oníkálukú ń hàn lára ògiri, mo rí irọ́ láyà wọn bí òkúta dúdú, ó ń dàgbà bí mo ṣe ń wò ó, wọ́n ń fi ọwọ́ bò ó, ọwọ́ kò sì bo nǹkan kan, egungun ọwọ́ náà ló tún ń hàn.

"Òpùrọ́ nìyẹn," ni Màmá wí. "Alágbèrè ló wà lápá ọ̀hún. Àwọn tó ń ni ọmọ ọlọ́mọ lára wà nísàlẹ̀. Má wo ibẹ̀ pẹ́."

Ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ó tẹríba fún mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá wa yẹ oògùn náà wò."

"Ẹni yẹn kò tíì kú," ni Màmá wí. "Oògùn yín ló ń dúró dè."

Mo yí ojú kúrò, mo tẹ̀ lé Màmá lọ.

Lódìkejì, koríko tútù ni, àwọn olóòótọ́ ń sinmi, àwọn eku wa ń sùn láàárín wọn nínú oòrùn, ìlà ìrù wọn dúdú dáadáa. Mo fẹ́ kọjá síbẹ̀. Màmá dí mi lọ́nà. "Fi ọrùn ọwọ́ rẹ hàn." Gbogbo wọn ló ní ìlà lọ́wọ́. Tèmi ti parẹ́.

"Ta ni ọ́?" ni Màmá bi mí, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìbẹ̀rù ìbéèrè yẹn ló jí mi.

Ará, ẹni tí ìlà rẹ̀ bá ń parẹ́, kó tètè lọ tún un fà nígbà tí máákà ṣì wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tí mo dé.

"Ẹ dúró mà. Àwòrán yẹn, mi ò mọ eku tó gba oògùn níbẹ̀."

"Bọ̀dá Fọlá, ìlà ìrù wọn ńkọ́?"

"Ó ti parẹ́ mà. Mo fojú dá a ni."

Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ mọ iye oṣù tí a fi tọ́jú àwọn eku yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n mà."

Ó pe ìgbìmọ̀, ó ní òun kò wá mọ́. Ó wá mú máákà nínú dúrọ́ọ̀, ó fa ọwọ́ mi, ó sì fa ìlà kan sí ọrùn ọwọ́ mi.

"Yóò parẹ́ tó bá di Ọjọ́bọ̀. Ẹ máa wá kí n tún un fà, kí ẹ tó fọwọ́ kan eku mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rọ́ àlá náà fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn.