Ọwọ́ Ẹja Tí Mo Fi Gbé Irin Sanmí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, àmọ́ wọ́n ní kí n wá bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀rù ń bà mí pé irọ́ mi fẹ́ ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ náà jẹ́.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tí mo ṣì ń kàwé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ háyà yàrá ní Adankolo. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Sanmí. Ọmọ Yàgbà ni, èmi jẹ́ Ìjùmú. Kẹ́místírì la jọ ń kọ́, àmọ́ òun ló ní làákàyè níbẹ̀.

Sanmí ń wá ọ̀dà tí àwọn ilé iṣẹ́ á máa fi kun irin kó má bàa dípẹtà. Epo inú èèpo kóró kajú, èyí tó máa ń bó ọmọdé lọ́wọ́, ló fi ń ṣe é. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n yan án nínú ààrò. Bó bá gbóná dáadáa, àwọn ẹyọ tín-ín-tín inú rẹ̀ á di ara wọn mú, kò sì ní yọ́ mọ́ láé. Sanmí ní ta ló ń wá ààrò ní Lọ́kọ́ja? Ó fẹ́ ṣe èyí tí oòrùn wa yìí á mú le. Oòrùn tí gbogbo wa ń bú! A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ ó rí i ṣe.

Ìgbà tó yá, àwọn ará ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe táǹkì irin ní àwọn fẹ́ wá wò ó. Sanmí ló máa po ọ̀dà, èmi ni mo máa tọ́jú àwọn irin pẹlẹbẹ tí a máa kùn. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé tí wọ́n bá ti họ irin, tí wọ́n nù ún tán, ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Bí ọ̀rá díẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ọ̀dà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ti ra ẹja díndín létí odò láàárọ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè rí ẹja kí n kọjá. Mo nu àwọn irin náà tán, mo jókòó, mo jẹ ẹja mi. Sanmí ní kí n kó wọn wá kíá. Mo fi ọwọ́ nu ṣòkòtò, mo kó wọn fún un. Ìbọ̀wọ́ wà lórí tábìlì.

A kùn wọ́n, a sá wọn sóòrùn. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà náà, ó ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ wa sọ fún Sanmí lójú gbogbo wa pé kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo wo irin náà, mo rí àmì ìka mi lábẹ́ ibi tó ṣí. Ojú tì mí. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá sọ.

Mi ò sọ. Sanmí kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Gadumo, ó ń ta ọ̀dà fún àwọn akunlé.

Ibi tó burú jù nìyí. Lẹ́yìn tó lọ, mo po ọ̀dà rẹ̀, mo kùn ún sórí irin tó mọ́. Mo họ ọ́, mo fi òòlù lù ú, kò ṣí. Ó yẹ kí n sáré lọ bá a. Ṣe ni mo yí nǹkan kékeré padà níbẹ̀ tí mo fi orúkọ ara mi sí i. Òun ló sọ mí di ẹni ńlá, òun ló gbé mi dé ilé ńlá ní Lokongoma. Sanmí fúnra rẹ̀ gbé kéèkì wá kí mi. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wa, ó ní, "Okun o, ọ̀rẹ́ mi! Mo mọ̀ pé wàá bá wa ṣe é." Mo jẹ nínú kéèkì náà.

Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wọlé láti kọ́ kẹ́místírì. Bàbá rẹ̀ kò gbà. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Iṣẹ́ yẹn ò sí nínú orí tiwa," ó ní. "Abeg, bá mi sọ fún un kó lọ kọ́ àkáńtì. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí tèmi ṣí."

Kò bínú, kò barajẹ́. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò ó pé kí n kàn gba ọmọ náà níyànjú kó kọ́ kẹ́místírì rẹ̀, kí n má dárúkọ ẹja kankan. Àmọ́ bàbá rẹ̀ á bi mí ìdí. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi lè lọ, ọ̀rẹ́ mi lè má wojú mi mọ́.

Lánàá ni ọmọ náà pè mí lórí fóònù. "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Daddy ní ẹ̀yin lẹ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà jù. Ohun tí ẹ bá ti sọ, mo gbà, mi ò ní jiyàn."

Mi ò bi yín bóyá kí n sọ ọ́; màá sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, èyí nìkan ni kí ẹ bá mi dá sí: ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, bàbá ni, àbí ọmọ?