Ọkọ̀ Kékeré Tí Mo Ní Ó Dé Asaba

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń rà láti ìgbà tí ogun kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti ń jáde báyìí, èmi nìkan ló sì ń gbọ́ ọ. Bí mo bá jẹun tán, ó ń ṣe mí bíi kí n bì í. Ẹnu ara mi ń rí mi lára.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti padà dé. Kò kú. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dì mọ́ mi, ó ní kí n bá òun tún nǹkan kan ṣe. Nǹkan náà wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mi ò lè wò ó pẹ́.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé kejì ni mo wà tí bàbá mi, tó ń ta aṣọ, kó wa láti Ọ̀fà wá sí Onitsha, ilé ìwé sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, kò sí ẹni tó mọ rédíò ṣe tó mi nígbà náà, láti Main Market títí dé Nkpor. Àwọn tó ka ìwé mẹ́wàá ló ń gbé rédíò wá bá mi. Bí rédíò bá yadi, màá gbá a nídìí, màá tẹ́tí sí i, màá sì sọ ibi tó ń ṣe é kí n tó tú u. Oga Radio ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á máa kí mi láti òdìkejì títì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Obiora. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó epo pupa lórí odò Ọya. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni ilé rẹ̀ wà. Nígbà tí a gba òmìnira, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ń kó ẹrù lọ sílé, ó sì fún un ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o. Ó gùn tó apá àgbàlagbà. Ó ní ẹ́ńjìnnì kékeré tí bátìrì ń yí, ó ní abẹ̀bẹ̀ nídìí, ó ní ìtọ́kọ̀. Àpótí kan wà tí èèyàn máa dì mú lórí ilẹ̀, irin gígùn kan yọ lórí rẹ̀, bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, ọkọ̀ á yà lójú omi láìsí wáyà kankan láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Ṣùgbọ́n nǹkan náà ti bàjẹ́. Omi ti wọ inú rẹ̀, aáyán ti fi ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Obiora gbé e wá, ó pè mí ní ọmọ ìyá rẹ̀ ní èdè Íbò, ó ní, "Nwanne m, ìwọ nìkan ló lè ṣe é."

Mo gbà á. Mo fi òwú àti oje igi dí ibi tó ti sán, bí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti ọ̀dà funfun kùn ún, bí àsíá wa tuntun. Mo tú gbogbo wáyà rẹ̀ dànù. Mo fi wáyà inú rédíò àtijọ́ rọ́pò wọn, mo yọ́ òjé sí gbogbo oríkèé wọn, wọ́n ń dán. Kò sí ẹni tó rí inú ọkọ̀ yẹn tí kò yìn mí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Mo ní láti etí odò wa níbí, ọkọ̀ náà máa dá lọ sí Asaba ní òdìkejì odò. Aránṣọ kan wà ní iwájú wa, Uzor lorúkọ tí mo máa pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó fi orúkọ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ àwa Yorùbá pè mí, ó ní, "Ngbati, ọkọ̀ rẹ kò lè kọjá inú bàsíà ìyàwó rẹ!" Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra.

Nítorí òótọ́ ló sọ. Lórí tábìlì, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, ìtọ́kọ̀ á yí. Bí mo bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó di adití. Mo tú u, mo dì í, mo tún un tú. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ́ ohun tí àpótí ń sọ, mi ò sì mọ bó ṣe ń gbọ́. Irú rẹ̀ kò dé ọwọ́ mi rí. Ǹ bá ti sọ fún Obiora pé iṣẹ́ yìí ju agbára mi lọ. Mi ò sọ.

Mo lọ bá Sule, apẹja ará Nupe tó ń gbé etí odò. Mo fún un ní rédíò kan kó lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí gbogbo èèyàn pé jọ, Sule wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú. Mo sọ fún èrò pé ó ń la ọ̀nà kí ọkọ̀ èrò má baà tẹ ọkọ̀ wa mọ́lẹ̀. Okùn ìpẹja tín-ín-rín kan wà lábẹ́ omi, ó so ọkọ̀ kékeré náà mọ́ ìdí ọkọ̀ Sule. Mo gbé àpótí lé Obiora lọ́wọ́. Mo ní, "Máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Obiora ń tẹ bọ́tìnnì, Sule ń wa ọkọ̀, ọkọ̀ kékeré ń tẹ̀ lé e. Ó rékọjá, ó dé Asaba. Ariwo ta. Wọ́n gbé mi lé èjìká. Uzor fúnra rẹ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Obiora ń sunkún ayọ̀, ó gbà pé òun lòun wa ọkọ̀ yẹn dé òdìkejì odò. Mo jẹ ìyìn yẹn fún ọdún púpọ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó dà bíi pé ẹran tó ti díbàjẹ́ ni mo ń jẹ tí mo sì ń lá ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìlú dàrú. Wọ́n pa àwọn Íbò lókè ọya, àwọn tó ṣẹ́kù ń sá bọ̀ wálé pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò, wọ́n ń tú ilé kiri, wọ́n ń wá ẹni tó ń ránṣẹ́ sí ọ̀tá. Uzor ni olórí wọn ní apá ọ̀dọ̀ wa. Èmi àti ìyàwó mi ti di ẹrù, a fẹ́ gba orí bíríìjì lọ sílé.

Wọ́n tú ilé Obiora, wọ́n rí àpótí onírin gígùn yẹn. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kan ní ìkóríta, wọ́n wá gbé àpótí náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Uzor ní, "Oga Radio, Obiora ní ọkọ̀ ìṣeré lòun ń fi èyí darí. Àwọn kan ní ó ń fi í ránṣẹ́ sí òdìkejì odò. Ìwọ lo ṣe é. Kí lo rí sọ?"

Kí n tó lanu, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí lẹ ń bi Ngbati yìí sí? Ọkọ̀ wo ló dé Asaba? Ṣebí Nupe yẹn ló fi okùn fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà! Bàbá mi rí okùn náà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó dúró níta náà rẹ́rìn-ín. Uzor ń wò mí. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ okùn ni, a jẹ́ pé àpótí yìí kò wúlò fún nǹkan kan. A máa tú Obiora sílẹ̀ báyìí báyìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n gbé ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi lé mi lọ́wọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni wọ́n ní kí n sọ.

Ohun tí mo sọ ni pé, "Okùn kẹ̀? Èmi? Ta ni bàbá yín tó ń rí okùn? Iṣẹ́ ọwọ́ mi dé Asaba! Kódà ó lè kọjá Asaba. Bí mo bá fẹ́, ó máa dé Benin!"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Uzor rọra ní, "Gbogbo yín gbọ́ o." Ìgbà yẹn ni èmi náà tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Àmọ́ ọkọ̀ nìkan ló ń darí…" Wọ́n ti yíjú padà. Mo gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ tó gbé Obiora ṣíná.

Ìyàwó mi, tó mọ̀ nípa okùn yẹn, jáde láti inú yàrá. Ó ní, "Sáré bá wọn. Lọ sọ pé okùn ni."

Mo ní, "Kí ni wọ́n máa wá máa pè mí?"

Ó wò mí bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní, "Baba Monsura, ṣé orúkọ lò ń wá?" Ó lọ jókòó ti ẹrù tí a ti dì. A kúrò ní Onitsha lọ́jọ́ kejì. Fún ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ pé nítorí mo jẹ́ àjèjì ni mi ò ṣe tẹ̀ lé wọn, pé wọn ì bá mú èmi náà. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ló dáhùn ìbéèrè Uzor. Ìgbéraga ni.

Ogun parí, mo padà wá nítorí níbí ni mo mọ̀ ní ilé. Mo bá ìlú ní àlàpà. Mo tún ṣọ́ọ̀bù ṣí. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ó gbẹ bí igi ìdáná. Obiora ni. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́. Wọ́n fọ́ ọ níbi tí wọ́n tì í mọ́. Kò lè di kálámù mú mọ́ láéláé.

Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Nwanne m! Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n wá bi ọ́ léèrè. Mo mọ̀ pé o gbèjà mi. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pa mí."

Mo dá a lóhùn pé, "A dúpẹ́." Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi! Nígbà tó lọ, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bì títí omi kíkorò fi jáde.

Wọ́n ṣì ń pè é ní sábò, ìyẹn ẹni tó ta ìlú. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń gba àwọn ènìyàn àtijọ́ padà, wọn ò gbà á, bẹ́ẹ̀ ó ní òun lè fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ. Àwọn àna rẹ̀ ní Ogidi ti mú ọmọ wọn, ìyàwó rẹ̀, lọ. Ohun tó ń bẹ̀ mí ni pé kí n tún ọkọ̀ yẹn ṣe, kí n wá àpótí mìíràn fún un, ká tún gbé e sójú omi níṣojú gbogbo wọn, kí wọ́n lè rí i pé ọkọ̀ ìṣeré ni. Ìyá rẹ̀ ló fi í pamọ́ sí òkè àjà. Nígbà tí mo ṣí i, eku ti bímọ sínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà ti kú, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ àwọn wáyà tí mo yọ́ òjé sí. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, òórùn náà kò lọ.

Uzor ń ta àwo ní ohun tó ṣẹ́kù ní Main Market. Ó ń kí mi. Mo kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀, mo ń nu ọwọ́ mi sára ṣòkòtò tó bá ti bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó. Uzor béèrè. Èmi ni mo dáhùn.

Ọkọ̀ náà kò lè dé Asaba. Bó bá dúró láàárín omi, wọ́n á ní ogun ló bà á jẹ́, pé ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, Obiora á ṣì máa jẹ́ sábò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi tán kí ẹ tó gbọ́ eléyìí: lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ara mi níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta okùn ìpẹja. Mo ti ń fi ìka wò ó bóyá ó lágbára. Irú èèyàn wo ni mí?

Mo sọ fún ìyàwó mi pé màá tún ọkọ̀ ṣe dáadáa, pé ìyẹn ni màá fi tọrọ ìdáríjì. Ó ní, "Ẹnu lo fi ba ọkùnrin yẹn jẹ́, ọkọ̀ lo wá fẹ́ fi tún un ṣe?"

Obiora kò lè ka Yorùbá. Uzor náà kò lè kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí yín ní Yorùbá. Mo mọ̀, ìyẹn náà ń rí mi lára. Mo mọ ohun tó yẹ. Ó yẹ kí n dúró ní etí odò níṣojú gbogbo wọn, kí n ní okùn ni, kí n ní àpótí yẹn kò lè bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Lánàá, Obiora wá, ó jókòó, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo fa ọkọ̀ náà mọ́ra, mo ń tú wáyà rẹ̀. Ó fi àtùpà kọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ti kú yẹn, ó nà án sórí ọkọ̀ náà kí n lè ríran.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó gbọ́n jù mí lọ. Mi ò ní kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún un? Ẹ bá mi kọ ìyẹn nìkan. Màá wá ìyókù fúnra mi.