Bákónì Tó Wà Lókè Orí Yín

Alága wa, Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ ṣì ń wá jẹun níbí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin àlejò, àti bàbá àwọn ọmọ mi tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn torí pé èmi ni mo ní kó jókòó síbẹ̀, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn.

Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ń fẹ̀yìn tì máa ń tọrọ ohun kan, Ọ̀gá Àgbà á sì dá a lóhùn lójú gbogbo wa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Awakọ̀ wa tọrọ àga tó fi ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún un. Akọ̀wé ní kí a yé pe òun ní Ìyá Sítáńbù. Wọn ò gbà. Èmi fẹ́ tọrọ kọ́kọ́rọ́ bákónì tó wà lókè orí yín yẹn, kí n tì í pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sáré, kò sẹ́ni lókè. Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ọmọ yín ń ṣègbéyàwó nínú gbọ̀ngàn yìí lọ́jọ́ Sátidé, orí ibẹ̀ lẹ sì fẹ́ kí àwọn akọrin dúró sí. Ìdí tí mo fi ń tọrọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, àyẹ̀wò inú igi ni iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe. Igi páìnì ni wọ́n fi kan bákónì náà. Tí ẹ bá wo páìnì nínú maikirosikóòpù, sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ gbọọrọ lẹ máa rí, oníhò nínú, bíi sítírọ́ọ̀ tí wọ́n dì pọ̀. Okùn tín-ín-rín ló ń fún ògiri sẹ́ẹ̀lì lágbára, àtè ló so okùn náà pọ̀. Tí omi bá ti ń jò sí i, olú tó ń jẹ igi á dé. Olú yìí ò pariwo. Á na òwú rẹ̀ gba ihò kékeré tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, á fìdí kalẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì, á máa jẹ okùn inú ògiri. Àtè ni kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Ògiri á ṣì dúró, ẹ lè kun igi náà lọ́dà kó máa dán, àmọ́ kò lágbára mọ́. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?

Má-fọwọ́-kàn-án, ìwọ tí o ń bá mi gé igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ lo gé ti bákónì. A gbé e sábẹ́ iná wa tó máa ń mú kí okùn igi tó dára tàn yanranyanran. Ó ṣókùnkùn biribiri. O ní, "Mọ̀mí, bóyá iná ló bàjẹ́." La bá gé díẹ̀ lára ẹsẹ̀ àga Ọ̀gá Àgbà, ó tàn. Ọ̀gá, ẹ má bínú, ìdí tí àga yín fi ń mì nìyẹn.

Mo lágídí, mo mọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n dúpẹ́ kí n jókòó. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò yín lọ́jọ́ Àìkú?

Ọ̀gá, ẹ ní ẹ ti gun ibẹ̀, ẹ tiẹ̀ fò lórí rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni. Akọrin mélòó lẹ pè? Pákó tuntun rèé, mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ bó ṣe ké? Ó ya ní ṣóńṣó ṣóńṣó. Èyí tí a yọ lára bákónì rèé. Mo ti ṣẹ́ ẹ. Mo ní mo ti ṣẹ́ ẹ. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àbí?

Ọ̀gá Àgbà ti dìde. Ẹ yà fún wọn. Ẹ ṣeun, sà. Kọ́kọ́rọ́ ti dọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ sí mi létí. Wọ́n ní ọmọ wọn, ìyàwó ọjọ́ Sátidé gan-an, ló fẹ́ gun òkè lọ kọ orin àkọ́kọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kó kọ ọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí, lójú bàbá rẹ̀, lójú gbogbo wa, kó sì kọrin fún àwọn ọmọ tó máa bí. Oúnjẹ wà níta. Ẹ máa dìde díẹ̀díẹ̀. Mo dúpẹ́, ẹ ṣé o.